Ta ló tà wọ́n? Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lójú omi Àgbádárìgì

Ilé ọkọ ló gbé mi dé Àgbádárìgì, èmi ni mo sì máa ń mú àwọn èèyàn wa káàkiri tí wọ́n bá wá kí wa. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a ti dé ilé Ṣẹ̀ríkí Abass, ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ẹrú láyé ọjọ́un, a ti rí àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Yàrá 40 ni, èèyàn 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ń mú àlejò yíká ṣe ń sọ ọ́. Inú ti ń bí gbogbo wa kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Gberefu, erékùṣù tí wọ́n máa ń kó ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó.

Arákùnrin kan láti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Ṣé ẹ̀yin Ègùn yìí náà kọ́ lẹ ta àwọn èèyàn wa fún òyìnbó?"

Bàbá Ègùn kan jókòó tì mí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ àgbọn sáàárín ẹsẹ̀. Bàbá ò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kó wọn dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi dá sí i. Mo mẹ́nu ba Àjàyí Crowther, tí gbogbo wa fi Bíbélì Yorùbá mọ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó kógun ja ìlú wọn. Ọmọ Yorùbá náà ló kó ọmọ Yorùbá. Nígbà tó ń padà bọ̀ láti wá wàásù ní 1845, Àgbádárìgì yìí ló gúnlẹ̀ sí. Ṣẹ̀ríkí Abass ńkọ́? Wọ́n mú òun náà lẹ́rú dé Brazil kó tó padà wá ń ta ẹrú. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, pé ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè rí tún fi de ọmọ ẹlòmíràn.

Mi ò dá òyìnbó láre o. Àwọn ló gbé ìbọn, ọtí àti díńgí wá. Ká ní wọn ò rà, ta ni ì bá rí ẹni tà fún? Ṣùgbọ́n ó máa ń ká mi lára tí a bá kó gbogbo ẹ̀bi lé ẹ̀yà kan lórí, ẹ̀yà tí a jọ ń ná ọjà kan náà, tí ọmọ wa ń fẹ́ ọmọ wọn.

Bàbá tún sọ̀rọ̀. "Ìyá tó bí bàbá bàbá mi, owó ni ọkọ rẹ̀ fi rà á. Nígbà tí a ń pín ilẹ̀ ẹbí, ẹnìkan láti ojúlé ìyáálé pè mí ní ọmọ ẹrú níṣojú àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ti ẹni tó rà ni kí n gbè, àbí ti ẹni tí wọ́n rà?"

Arákùnrin Ìbàdàn ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Bàbá ní kò sí ìjà.

Nígbà tí mo délé, mo bi ọkọ mi bóyá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní agboolé tiwọn. Ó ní ojúlé kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ojúlé yẹn ló gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, èmi ni mo gbé oúnjẹ fún wọn. Mo ní kó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí. Ó ti gbà láti sọ ọ́ níbẹ̀.