Nígbà tí Ara Bá Gbéjà Ko Ara Rẹ̀: Ẹ Sọ Ohun Tójú Yín Rí

Ìyá Àbíkẹ́yìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lupus ló ń bá mi fínra, ìyẹn àìsàn tí àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara fi ń gbéjà ko ara fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ torí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń gbà wá ni kò bá àìsàn wa mu rárá. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ara mi ló níṣòro, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Wá nǹkan lò tó máa fún ara ẹ lókun." Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ara tèmi ò ṣaláìlókun. Èmi ni okun náà dojú kọ.

Ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á le gbagidi, mi ò ní lè de bọ́tìnì aṣọ. Nígbà tó yá, ojú mi pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì, ó gba orí imú kọjá, tí oòrùn bá sì pa mí díẹ̀, á tún le sí i. Dókítà àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi ni. Ìtọ̀ mi ló tú àṣírí: ó ń hó, ìfófòó ẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, purotéènì ń bá a jáde, àìsàn ti wọ kíndìnrín. Wọ́n wá rí àwọn antibody, ìyẹn ohun ìjà táwọn ọmọ ogun ara ń ṣe, nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó ń gbógun ti DNA èmi fúnra mi.

Oògùn steroid ló gbà mí lọ́wọ́ ikú, mi ò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó mú kí ojú mi wú. Àmọ́ gbogbo ọmọ ogun ara ló ń tẹ̀ lórí ba, àtẹni rere àtẹni burúkú, ìdí nìyẹn tí ibà kékeré fi ń gbé mi dé ọsibítù.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ìfaradà. Myasthenia gravis ni tèmi. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú mi á wálẹ̀, màá máa rí nǹkan kan ní méjì, oúnjẹ á sì fẹ́ há mi lọ́fun. Antibody ló lọ dí ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ tó ń ti ọpọlọ bọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ thymus mi, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà.

Thymus yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn àwọn kan lára ọmọ ogun ara, ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá ọmọ ilé mọ̀. Wọ́n á fi oríṣiríṣi purotéènì ara hàn wọ́n níbẹ̀, kódà wọ́n á fi insulin, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà, hàn wọ́n. Èyí tó bá gbéjà kò wọ́n gan-an, ibẹ̀ ló máa kú sí, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di onílàjà. Bó ti wù kó rí, díẹ̀ máa yọ́ jáde. Kálukú wa ló ní irú wọn lára, títí kan ẹni tára ẹ̀ le koko. Àwọn onílàjà ló ń pẹ̀tù sí wọn nínú.

Shimon Sakaguchi, ará Japan, ló ṣàlàyé àwọn onílàjà yìí lọ́dún 1995. Lọ́dún 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Amẹ́ríkà rí apilẹ̀ àbùdá kan, Foxp3, tó bàjẹ́ lára irú eku kan tó máa ń kú ní kékeré. Tó bá bàjẹ́ lára ọmọ èèyàn, ọmọ ọwọ́ lè ní àtọ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsàn awọ ara pa pọ̀. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé Foxp3 gan-an ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di onílàjà. Ọdún 2025 ni wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bùn Nobel, omi sì bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Tíṣà wa, ẹ ṣeun sà. Insulin tẹ́ ẹ dárúkọ ló mú mi dá sí i. Ọmọ mi ọkùnrin ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Nígbà tó di òru ọjọ́ kan, ó ń bì, ó ń mí gúlegúle, la bá gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Àtọ̀gbẹ irú kìíní ni. Sẹ́ẹ̀lì T ti ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin nínú pancreas rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn èèyàn wá ń sọ fún ìyá ẹ̀ pé ṣúgà ló fún un jù. Ṣúgà kọ́ ló ń fa irú èyí o, ẹ bá mi sọ ọ́ fáyé gbọ́! Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi insulin tọ́jú èèyàn lọ́dún 1922, ọmọ tó bá ní in kì í pẹ́ kú.

Àbúrò Yín

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Thyroid tó wà lọ́rùn ni wọ́n gbógun tì ní tèmi, Hashimoto ni wọ́n ń pè é. Òtútù ń mú mi, irun mi ń já. Oògùn kan ni mò ń lò láàárọ̀ kí n tó jẹun, ara sì ti ń bọ̀ sípò. Ìyá mi ní làkúrègbé rheumatoid, oríkèé ara ni wọ́n gbógun tì ní tiẹ̀. Ṣé ó ń rìn nínú ìdílé ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ó ń rìn nínú ìdílé, àmọ́ kò pọn dandan kó kàn ẹ́. Nínú àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ pàápàá, ọ̀kan lè ní in kí èkejì má ní in. Àwọn obìnrin ló sì ń bá fínra jù: tẹ́ ẹ bá rí ẹni 10 tó ní lupus, bíi 9 máa jẹ́ obìnrin.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò ọmọ mi yẹn wò, wọ́n bá oríṣi antibody méjì níbẹ̀, tó fi hàn pé ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ lára òun náà. Ṣúgà ẹ̀ ṣì wà bó ṣe yẹ, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Dókítà ní tí ṣúgà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, oògùn kan wà tó ń jẹ́ teplizumab. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 8, ó sì lè sún àìsàn náà síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Kí ọmọdé fi ọdún méjì ṣeré láìgún abẹ́rẹ́ insulin, ohun ńlá ni lójú mi. Tẹ́nì kan bá wà níbí tí ọmọ ẹ̀ ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lára ọmọ náà fún mi, àti ohun tẹ́ ẹ sọ fún un kó tó gbà kí wọ́n fún òun ní oògùn náà.