Ọjọ́ kan péré la ní: ta bá fẹ́ mú Màmá lọ wo ère Ẹ̀sìẹ́, báwo la ṣe máa ṣe é?

Ìyá Rọ̀kí, Ìlọrin:
Ẹ kú ilé o. Iléèwé ti gba họlidé, mo wá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ní Sátidé. Ọmọ mẹ́ta ni (11, 8 àti 4), èmi, ọkọ mi, àti ìyá mi. Ìyá mi yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn Òró níbẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó lọ́kọ wá sí Ìlọrin, láti kékeré wa ni wọ́n ti máa ń sọ ìtàn àwọn àlejò tó di òkúta fún wa lálẹ́, bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti lọ́kọ wọn ò fojú kan ère yẹn mọ́. Orúnkún sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọkọ mi wá ní tá a bá ti jáde, ká kúkú gba Òwu lọ wo omi tó ń dà látorí àpáta, ká sì gba Ọ̀fà padà sílé. Ṣé ọjọ́ kan á gba gbogbo ẹ̀? Ìkejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní kí n má kó ọmọ Mùsùlùmí lọ síwájú ère, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ Òwu kúrò. Ọ̀nà Ọ̀wá-Kájọlà lọ́hùn-ún ló wà, mọ́tò kékeré máa jìyà, ẹ ó tún fẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Omi tó ń já bọ́ láti nǹkan bí 120 mítà kì í ṣe ohun téèyàn ń sáré wò lẹ́yìn ìrìn àjò míì, àti pé orúnkún Màmá ò lè bá yín dé ìdí ẹ̀. Ẹ fi sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́yin àtàwọn ọmọ nìkan lọ.

Ti Ẹ̀sìẹ́ ò le rárá. Ẹ gba Gáréèjì Ọ̀fà jáde, Gànmọ́, Amóyọ̀, Ìdófìàn, ó di Àjàṣẹ́-Ìpo. Ibẹ̀ lọ̀nà ti pín, ẹ má tọ ti Ọ̀fà, ti Ọ̀mù-Àrán ni kẹ́ ẹ tọ̀, tẹ́ ẹ bá ti dé Òró ẹ béèrè, ọmọdé gan-an á júwe ẹ̀. Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó mú.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì:
Mo ti kó ọmọ iléèwé lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, inú mi sì dùn pé ẹ fẹ́ lọ. Ọdún 1945 ni wọ́n dá mùsíọ́mù tí wọ́n kó àwọn ère yẹn sí sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, kì í ṣe Èkó o, kì í ṣe Ifẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Àwọn ará ìlú ti mọ ère náà tipẹ́, àmọ́ 1933 ni ọ̀gá kan tó ń bẹ iléèwé wò kọ̀wé nípa ẹ̀ síta. Wọ́n lé ní 1000. Òkúta tó rọ̀, tí wọ́n ń pè ní òkúta ọṣẹ, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹlòmíì di idà mú, ẹlòmíì di irun tó rẹwà tàbí kó dé fìlà, ilà wà lójú àwọn kan. Ẹ ní káwọn ọmọ fara balẹ̀ wo ojú wọn, ojú kan ò jọ èkejì. Ọ̀pọ̀ ni orí wọn ti kán, kí àbíkẹ́yìn yín má bàa bẹ̀rù ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó wọlé.

Títí dòní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn báyìí ló gbẹ́ ẹ. Torí náà ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ sọ ìtàn tiwọn níwájú ère kí ẹni tó ń mú yín kiri tó sọ tiẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Fọ́tò àwọn ère ńkọ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó yà á.

Abú Sàlíù:
Ọmọ Ìlọrin lèmi náà, ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi. Kí n tó lọ mo bi àlùfáà wa, wọ́n ní kéèyàn wòran kọ́ ló burú, kó má ṣáà forí balẹ̀ fún un. Ìjọba ló ni mùsíọ́mù yẹn, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fáwọn ọmọ nínú mọ́tò. Tó bá jẹ́ ọdún ère nìkan lẹ ò fẹ́ bá pàdé, ẹ béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí. Ìrun Àìlà, ìyẹn ti ọ̀sán, ẹ lè kí i ní Òró tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Ìyá Rọ̀kí:
Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀sìẹ́ nìkan ni, ọkọ mi ti gbà. Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà fún Màmá, wọn ò fèsì, wọ́n kàn dìde wọ yàrá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni wọ́n pe Rọ̀kí pé kó wá bá àwọn nawọ́ gbé àpótí aṣọ, àlàárì tí wọ́n fi ṣègbéyàwó ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ.