Ṣé kí n gbé màámi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Àgbádárìgì?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Iléṣà la wà. Màámi pé àádọ́rin ọdún, wọ́n láwọn ò fẹ́ páátì, Àgbádárìgì làwọn fẹ́ rí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti 1845 yẹn tí wọ́n kọ́ wọn nípa ẹ̀ níléèwé. Ẹnì kan tó máa ń mú èèyàn rìn kiri ní òun á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti Èkó láàárọ̀, á mú wa dé erékùṣù Gberefu níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá láyé àtijọ́, ká sì padà nírọ̀lẹ́. Mo ti bi í nípa láífù jákẹ́ẹ̀tì, ó ní ó wà. A máa kọ́kọ́ sùn l'Ékòó. Mo rò ó ká gba títì, àmọ́ gosilóò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, a ṣì máa wọkọ̀ ojú omi dé Gberefu náà ni, orúnkún sì ń dun màámi (owó ẹ̀ náà ń dun èmi ọmọ Òṣómàáló 😂). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àgbàlagbà lọ rí, ṣé ara wọn gba àlọ àtàbọ̀ orí omi lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ẹ ṣé gan-an o, mo dúpẹ́ sílẹ̀.