Àbọ̀ ọ̀rọ̀ jọ́nà wa ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀ lórí ìbéèrè tí mo gbé kalẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pé báwo ni àwa olùkọ́ díẹ̀ ní Àkúrẹ́ ṣe lè gba jọ́nà ìwádìí wa là, lẹ́yìn tí ẹni tó ń bá wa tọ́jú ojú òpó rẹ̀ jẹ́ kí ó kú, tí àwọn àpilẹ̀kọ wa sì bá a lọ.

A ti rí ọ̀nà àbáyọ. A dáwó jọ pẹ̀lú jọ́nà mìíràn láti ìlú Oǹdó, a gba sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú òpó, a sì gbé jọ́nà méjèèjì sórí Open Journal Systems, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún títẹ jọ́nà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Public Knowledge Project (PKP) ní Kánádà ń ṣe. Òǹkàwé kò ní san kọ́bọ̀, òǹkọ̀wé náà kò ní san. Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni PKP Preservation Network, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn jọ́nà tó ń lo ètò yìí síbi púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá ti ní ISSN, nọ́ńbà tí a fi ń dá jọ́nà mọ̀. Ká ní a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, ẹkún wa ì bá dín kù.

Ó ku ká forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tí kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Mo ti pa ìbéèrè mi dé, ẹ ṣeun.