Ẹ̀tọ́ ọpọlọ ni àbí àṣírí inú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mi ò ní sọ pé ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dìde láti Ìkòròdú níbí.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ dábàá pé kí á máa pe ohun tí àwọn amòfin ń pè ní neurorights, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni lórí ohun tí ẹ̀rọ lè gbà láti inú ọpọlọ rẹ̀, ní "ẹ̀tọ́ ọpọlọ". Ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣókí, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ibi tó ti ń kọ mí lóminú ni pé, lẹ́nu wa, ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀yà ara nìkan. Bí a bá ní ọmọ kan ní ọpọlọ, ó gbọ́n ni. Bí a bá ní ọpọlọ ẹnì kan ò pé, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo bi àǹtí kan tó ń dirun ní Ìta Ẹlẹ́wà pé kí ni ẹ̀tọ́ ọpọlọ. Wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí irun tí wọ́n ń dì: "Ṣé ti àwọn tí orí wọn dàrú ni? Ó mà yẹ kí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn bọ́ sójú ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn wèrè. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀. Bí a bá wá fi "ẹ̀tọ́ ọpọlọ" fún nǹkan mìíràn, kí la ó máa pe ìyẹn? (Ẹni tí kì í fàmì sọ́rọ̀ á tún kọ ọ́ ní "eto opolo", a ó wá máa wádìí irú ètò tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ṣe.)

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin ń dáàbò bò gan-an. Orílẹ̀-èdè Chile ló kọ́kọ́ fi neurorights yìí sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, lọ́dún 2021. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ Emotiv pa gbogbo ohun tó ti gbà sílẹ̀ láti orí Guido Girardi rẹ́. Sẹ́nétọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni Girardi. Ó ra ẹ̀rọ Emotiv kan tí wọ́n ń dé sórí, tó ń gba iná kékeré tí ọpọlọ ń ta sílẹ̀. Iná yẹn kì í ṣe tuntun: dókítà kan, Hans Berger, ti gbà á láti orí ènìyàn ní Jámánì lọ́dún 1924, ọsibítù sì ń fi í yẹ onípá wò, tí wọ́n á lẹ wáyà mọ́ atàrí rẹ̀. Èyí tó tuntun ni pé wọ́n ti ń tà á bí ẹní ta fóònù.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọpọlọ Girardi. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni ìjà wà lórí rẹ̀, Yorùbá sì ti ní ilé fún irú rẹ̀: inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Àbá tèmi ni "àṣírí inú" fún ẹ̀tọ́ náà, àti "àmì ọpọlọ" fún ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀.

Ẹnì kan ti ní inú ni ikùn, pé inú rírun la ó máa rántí. Rárá o. Ta ló gbọ́ "mo mọ inú rẹ̀" tó ń ro ìfun? Ẹlòmíì ní "òmìnira èrò" ti wà nínú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti 1948. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi lè fi mí sílẹ̀ kí n ro ohun tó wù mí, kó sì máa yọjú lójú fèrèsé mi.

Ibi tí àbá mi ti ń mẹ́hẹ rèé: ẹ̀rọ yẹn ò tíì lè ka orúkọ ọmọ nínú ẹnikẹ́ni. Oorun ló máa ń tètè mọ̀. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá dé e fún dírẹ́bà tó ń na Ìkòròdú sí Mile 12, tó rí i pé oorun ń kùn ún, ṣé àṣírí inú nìyẹn? Mo ronú kan "àṣírí orí", ẹ̀rù ifá bà mí. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ẹ bá mi wá èyí tó máa gba oorun mọ́ra.