Òtútù kọ́ ló ń pa adìẹ, ọ̀rinrin ni

Láti Saint Paul, Minnesota:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé adìẹ òun ò ní la ìgbà yìnyín já, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní January 2019, òtútù ìlú Minneapolis, tó múlé tì wá níbí, lọ sílẹ̀ dé -33°C. Inú ilé pákó kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni àwọn adìẹ wa sùn mọ́jú, a ò tan iná kankan fún wọn, gbogbo wọn ló jí.

Adìẹ tó ti híyẹ́ tán, bó bá fẹ ìyẹ́ ẹ̀, ooru ara ẹ̀ á há síbẹ̀. Ọ̀rinrin ló ń ṣe é ní jàǹbá. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Èémí ẹ̀ gan-an ló ń tú omi jáde lóru, ìgbẹ́ ẹ̀ náà sì tutù. Bí ilé bá dí pa, omi yẹn á bà lé ogbe, á sì dì síbẹ̀. Ọkùnrin kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fi ọ̀rá wé ilé adìẹ tiẹ̀ látòkè délẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tá a débẹ̀, òórùn ìgbẹ́ ń ta wá lójú, ṣóńṣó ogbe àkùkọ ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Torí náà, bí October bá ti ń parí lọ, ìsàlẹ̀ la máa ń dí, níbi tí atẹ́gùn lè gbà fẹ́ lu adìẹ. Abẹ́ òrùlé, tó ga ju orí wọn lọ, a kì í dí i, wáyà nẹ́ẹ̀tì la fi bò ó. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń sùn lé, kí àyà wọn lè bo ìka ẹsẹ̀ wọn. Omi ló ń fún èèyàn níṣẹ́ jù, kíá ló ń dì. Ike tó ní iná lábẹ́ la rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so gílóòbù pupa tó ń gbóná yẹn kọ́. Bó bá já bọ́ sórí pákó fífá tó wà nílẹ̀, ilé á jóná tòun tadìẹ.

Láti Manchester:

Òótọ́ ni Àǹtí sọ, àmọ́ òjò ló ń dà wá láàmú níbí ju yìnyín lọ, páànù la fi bo ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀. Àkókò òtútù náà ni àwọn ẹyẹ tó ń ṣí wá ń gbé àrùn wá, ìjọba sì lè pàṣẹ pé kí adìẹ má jáde rárá. Láti October 1, 2024, ẹni tó bá ní ẹyọ adìẹ kan ṣoṣo ní England àti Wales gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Láti Ṣakí:

Ọyẹ́ tiwa ò tó yìnyín, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ tí kò tíì híyẹ́ ò mọ ìyẹn. Lóru December, wọ́n á wọ́ jọ sójú kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á kú. Páálí la fi ń ṣe agbo yí wọn ká, kí igun má sí. Ìkòkò èédú la fi ń mú wọn lóoru, ṣùgbọ́n fèrèsé òkè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ èédú ń pani láìrùn. Bí wọ́n bá wọ́ mọ́ èédú, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá mọ́ páálí tí wọ́n ń lanu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká tí wọ́n ń jẹun, ó ti tó.