Ṣé túúlu tó ń bá mi fínra láti ìgbà èwe lè ṣàkóbá fún ọkàn mi?

Ìyá Kúdí (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹni ọdún 41 ni mí, ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Láti nǹkan bí ìgbà tí mo ti wà ní ẹni ọdún 19 ni túúlu ti ń bá mi jà. Kó tó dé, ìmọ́lẹ̀ kan á kọ́kọ́ yọ ní igun ojú mi, á rí ṣónṣó-ṣónṣó bí eyín ayùn, á máa kọ mànà bí ìgbà tí oòrùn bá ń ràn sórí ọ̀sà, á sì máa fẹ̀ sí i títí tí n kò fi ní lè mọ iye owó tí oníbàárà nà sí mi. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló máa ń lò kó tó parẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ kan orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kìì-kìì, èébì á máa gbé mi, òórùn ẹja tí wọ́n bí mi sínú rẹ̀ á sì di ohun tí n kò lè fara dà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá bá wa wọn ìfúnpá lọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́, tèmi sì jẹ́ 150/96. Nígbà tí mo dárúkọ túúlu fún ọmọbìnrin tó wọ̀n ọ́n, ó ní kí n yáa tọ́jú ọkàn mi, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Kò ráyè ṣàlàyé, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lójijì, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi. Mo tún máa ń lo oògùn ìrora láti kẹ́mísì, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí sọ? Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìkòròdú):

Ìyá Kúdí, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ààbọ̀ náà ló sì dẹ́rù bà yín. Túúlu fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn ọkàn. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí ni pé rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn òjijì máa ń mú àwọn onítúúlu ju àwọn yòókù lọ, pàápàá àwọn tí irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ṣàpèjúwe yìí máa ń ṣíwájú ẹ̀fọ́rí wọn. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọdún 1995 sí 2013 wo àwọn onítúúlu tó lé ní 51,000. Lẹ́yìn ọdún 19, àrùn ọkàn òjijì ti mú 25 nínú 1,000 onítúúlu, nígbà tí ó jẹ́ 17 nínú 1,000 àwọn tí kò ní in. Ti rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà jẹ́ 45 sí 25. Àlàfo náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn tí nǹkan kan kò ṣe, ẹ ó rí i pé àwọn ló pọ̀ jù lọ fíìfíì.

Oògùn oníhóró yẹn ló bà mí lẹ́rù ju túúlu lọ. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ethinylestradiol níbẹ̀, a jẹ́ pé estrogen, èròjà kan tó máa ń wà nínú ara obìnrin, wà nínú rẹ̀, estrogen sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tí obìnrin tó ní túúlu onímọ̀lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò rárá, ìfúnpá yín tó ga sì tún jẹ́ ìdí kejì tí kò fi yẹ yín. Ẹ má dúró di oṣù tó ń bọ̀, ẹ lọ rí àwọn onífètòsọ́mọbíbí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀mù kí wọ́n tó fún yín ní òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nínú àwọn onítúúlu tó ń ka èyí, tirẹ̀ tún burú ju tiyín lọ.

Alhaja Alágbo:

Túúlu kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Kí ìyá wá mi, mo ní agbo tí yóò wẹ orí rẹ̀ mọ́, kò ní í lo oògùn kankan mọ́ láyé rẹ̀.

Apoògùn kan (Ẹ̀pẹ́):

Alhaja, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, agbo kò lè yọ estrogen kúrò nínú oògùn tí ìyá ń gbé mì lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá 150/96 kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó fi wẹ orí tán.

Ìyá Kúdí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí oògùn ìrora. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti lé ní ọjọ́ 10 lóṣù. Bí ó bá jẹ́ oògùn onípòpọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi káféènì pò mọ́ paracetamol, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó kí oògùn náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ paracetamol lásán, ọjọ́ 15 ni. Diclofenac àti ibuprofen ní tiwọn máa ń gbé ìfúnpá ga, wọn kò sì dára fún ọkàn bí èèyàn bá ń lò wọ́n léraléra. Mo máa ń rí àwọn oníbàárà tó ń ra méjèèjì papọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí etí omi. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú mi.

Àwọn oògùn kan wà tí a fi ń dènà túúlu tó tún ń sọ ìfúnpá kalẹ̀, bíi propranolol àti candesartan, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ yàn wọ́n fún yín. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan propranolol.

Bàbá Mùsílíù (Àgbádárìgì):

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni ọdún 58 ni mí, onítúúlu sì ni èmi náà. Ìmọ́lẹ̀ tèmi máa ń bá ọwọ́ kíkú rìn: ọmọ ìka á kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan á gun ọrùn ọwọ́, á sì dé ètè. Ó máa ń lọ kí wákàtí kan tó pé. Lọ́jọ́ kan, ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ òsì mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò rìn láti ìka dé apá, gbogbo apá náà ló rọ pọ̀. Mo ní túúlu ti dé, mo lọ dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn bí ìṣe mi. Ìgbà tí ìyàwó mi fi jí mi ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ní oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn, mo sì ti sun tèmi kọjá.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún mi láti lo sumatriptan tí mo fi ń dá túúlu dúró tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ lò ó, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga tí kò tíì wálẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìyá Kúdí, bí tiyín bá dé lọ́nà tí kò gbà dé rí, ẹ má dùbúlẹ̀.

Ìyá Kúdí:

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti kọ̀wé. Bàbá, mo ka tiyín sétí ọkọ mi, ó sì ní kí n má fi àárọ̀ ọjọ́ kejì ṣòwò. Ọmọ tó gba páálí mi ní ilé ìwòsàn yí i wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rí ethinylestradiol, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò dá a padà. Wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín ìfètòsọ́mọbíbí onípirojẹ́sítírọ́ọ̀nù sí abẹ́ awọ apá òsì mi, wọ́n ní estrogen kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọn ìfúnpá mi, kò sì sí èyí tó wá sísàlẹ̀ 140/90. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù kò rí àléébù. Dókítà fẹ́ kọ propranolol, mo rántí ikọ́ fée tó ń ṣe mí ní kékeré, ó pa á rẹ́, ó kọ candesartan, ó sì kìlọ̀ pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ lóyún sórí rẹ̀. Mo ń fàmì sí kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́ tí mo bá lo oògùn ìrora: àmì méjì péré ló wà níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Àǹtí, ìbéèrè kan ló kù. Ìgbà wo ni mo lè fi apá tí wọ́n fi ọ̀pá sí yìí gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ó dùn mọ́ mi o. Ẹ fi apá ọ̀tún gbé e fún ọjọ́ mélòó kan títí ojú ibẹ̀ á fi jinná, ẹ má sì jẹ́ kí omi yìnyín ẹja kan báńdéèjì yẹn.